Ọmọ Kan Náà, Àdúgbò Méjì: Ìtàn Ìyàsọ́tọ̀ àti Ìlera Ọmọdé ní Port Harcourt

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn sínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí, mo rò pé ìtàn bí àwọn Yorùbá ṣe dé ìlú yìí ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìtàn mìíràn wà tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì gbà pé ó kan gbogbo ẹni tó ń bímọ tàbí tó ń bá ọmọ tọ́ ọmọ-ọmọ ní ìlú yìí.

Ní ọdún 1988 ni iṣẹ́ gbé èmi àti ìyàwó mi wá sí Port Harcourt. Yàrá kan ni a kọ́kọ́ gbà ní Diobu, nínú ilé tí ìdílé mẹ́sàn-án jọ ń gbé. Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pọn, ṣáláńgá kò sì jìnnà sí i. Nígbà òjò ọdún kejì, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ méjì nínú ilé náà láàárín oṣù kan. Àkọ́bí tiwa náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló kọ́ ìyàwó mi bí a ti ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ, òun ni Ọlọ́run sì fi yọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo gba ìgbéga, wọ́n sì fún wa ní ilé ìjọba ní GRA. Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, gọ́tà tó mọ́ sì wà níwájú ilé. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí a ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kẹ́yìn. Àwọn ọmọ kan náà ni, ìyá kan náà ló bí wọn, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Àdírẹ́sì wa nìkan ló yí padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ló pín ìlú yìí báyìí, kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé ara ọmọdé ni ìpín náà ti ń hàn?

BÍ WỌ́N ṢE PÍN ÌLÚ

Port Harcourt kì í ṣe ìlú àtayébáyé. Ilẹ̀ àwọn ará Diobu, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Ikwerre, ni ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ní ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú ní Udi, nítòsí Enugu, wọ́n sì nílò èbúté tí wọn yóò máa gbà kó o. Ní ọdún 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ náà lábẹ́ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Hargrove Agreement, èyí tó fa àríyànjiyàn láàárín ìjọba àti àwọn onílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọdún 1913 yìí kan náà ni Gómìnà Frederick Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, pe ìlú tuntun náà. Nígbà tó fi di ọdún 1916, ọkọ̀ ojú irin ti dé Enugu, èédú sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté.

Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń rìn ni ènìyàn ń dé. Ìgbò, Ìjọ, Ẹ̀fịk, Haúsá, Sàró àti Yorùbá wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ èbúté, iṣẹ́ akọ̀wé àti òwò. Àmọ́ kí àwọn wọ̀nyí tó pọ̀ rárá ni wọ́n ti ya ìlú náà sí méjì lórí ìwé. Apá àríwá ni European Reservation, níbi tí ilé ti jìnnà sí ara wọn, tí igi bo títì. Apá gúúsù, níbi tí a ń pè ní Town títí di òní, ni ibùgbé àwọn aláwọ̀ dúdú, níbi tí ilé ti fara kan ilé. Òfin ìlú ti ọdún 1917 tò àwọn ìlú Nàìjíríà sí ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Èkó nìkan ló wà ní ipò kìíní, Port Harcourt sì wà ní ipò kejì. Ìlànà tí ìjọba Lugard ń tẹ̀ lé ni pé kí àyè tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàárín ilé aláwọ̀ funfun àti ilé aláwọ̀ dúdú, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ ilé sí àárín rẹ̀. Ó tó bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí a tò tẹ̀ lé ara wọn ní òró.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 440 yáàdì? Ìdáhùn tí wọ́n fún ìbéèrè yẹn ni pé ẹ̀fọn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti wọ ìtàn yìí nìyẹn.

ẸJỌ́ TÍ WỌ́N KÀ SÍ ỌMỌ LẸ́SẸ̀

Ní ọdún 1897 ni Dókítà Ronald Ross, tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Lẹ́yìn èyí ni Royal Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn onímọ̀ wá sí Áfíríkà láti wádìí ọ̀rọ̀ ibà. Méjì nínú wọn, Stephens àti Christophers, ṣiṣẹ́ ní Sierra Leone, ní Gold Coast tó di Gáná lónìí, àti ní Èkó. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ gan-an lára wọn, àní lára àwọn tó ń sáré kiri tó ń ṣeré. Lára àwọn àgbà, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ ni ohun tí wọ́n rí. Gbogbo dókítà ló mọ̀ ọ́n lónìí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ibà ń bá jà jù, àti pé ẹni tó bá la ìgbà èwe já ni ara rẹ̀ ń lágbára díẹ̀díẹ̀ láti kojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni tó bá mọ òtítọ́ yìí. Ó lè sọ pé, "Ọmọ wọ̀nyí ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ ká tọ́jú wọn." Ó sì lè sọ pé, "Ara ọmọ wọ̀nyí ni ibà wà, ẹ jẹ́ ká sá fún wọn." Àbá tí Stephens àti Christophers mú wá ni ìkejì: kí òyìnbó kọ́ ilé wọn jìnnà sí ilé àwọn aláwọ̀ dúdú, kí ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ dúdú má baà lè fò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 1904, wọ́n ṣí Hill Station fún àwọn òyìnbó lórí òkè ní Freetown, wọ́n sì ṣe rélùwéè kékeré tí yóò máa gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Lugard mú èrò yìí wọ Nàìjíríà, ó sì sọ ọ́ di ìlànà fún ìlú gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ọmọ tí ibà ń pa ni wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ ibà sí lọ́rùn. Owó tí ìjọba ná lórí rẹ̀ jẹ́ owó tí a fi sá fún un. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà náà ń jò. Àwọn kúùkù, ọlọ́gbà àti ìránṣẹ́ ń sùn ní ẹ̀yìnkùlé àwọn òyìnbó, nítorí pé òyìnbó kò lè ṣe kí ẹnìkan má bá a se oúnjẹ. Ẹ̀fọn kò ka yáàdì. Bí ó bá jẹ́ ìlera nìkan ni wọ́n ń wá, à bá ti rí i kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà dé gbogbo àdúgbò. Ìlera ni wọ́n fi ṣe àwáwí, iyì àwọ̀ ni wọ́n ń dáàbò bò.

GÓMÌNÀ KAN TÍ KÒ GBÀ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìmọ̀ ìgbà yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, láti ọdún 1899 sí 1904, Sir William MacGregor ni gómìnà, dókítà sì ni òun fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ àbá ìyàsọ́tọ̀ yìí, kò sì tẹ̀ lé e. Dípò rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa pín oògùn kuiníìnì, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ènìyàn nípa ẹ̀fọn, kí wọ́n sì máa gbẹ omi kúrò nínú àbàtà. Kánáàlì MacGregor tí àwọn ará Èkó mọ̀ wà lára iṣẹ́ ìgbà rẹ̀.

Àwọn ìyá wa kò sì káwọ́ gbera. Ní ọdún 1901, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies' League sílẹ̀. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń pín kuiníìnì, wọ́n sì ń bá àwọn ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó, nítorí pé ikú ọmọ ìkókó ń dùn wọ́n. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bíi tiwa lè ṣe ti pẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn obìnrin Yorùbá ti rí i pé ọmọ ni ó yẹ kí a sún mọ́ bí àìsàn bá dé.

ILÉ ÌWÒSÀN ALÁWỌ̀ MÉJÌ

Ìyàsọ́tọ̀ kò mọ sórí ilé gbígbé. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, àwọn Yorùbá tó kàwé ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Dókítà Obadiah Johnson àti Dókítà Oguntola Sapara, ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní ọdún 1902, ìjọba amúnisìn kó gbogbo dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní West African Medical Staff. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni wọn yóò gbà. Dókítà aláwọ̀ dúdú, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dára tó, wà lórí ìwé mìíràn, owó oṣù rẹ̀ kéré, kò sì lè ṣe ọ̀gá fún òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó gbọ́ èdè ìyá ọmọ, tí wọ́n sì mọ ohun tí a ń fún ọmọ jẹ nílé, ni wọ́n tì sẹ́yìn. Ó di ọdún 1936 kí Dókítà Isaac Ladipo Oluwole tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ìlera ìlú Èkó. Òun ló gbé ètò àyẹ̀wò ìlera fún àwọn ọmọ ilé ìwé lárugẹ.

Ní Port Harcourt níbí, oṣù kẹta ọdún 1925 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Braithwaite Memorial ní GRA. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ẹ sì mọ àwọ̀ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà ní ọdún 1925. Lónìí, ilé ìwòsàn yìí kan náà ni Rivers State University Teaching Hospital láti ọdún 2018, ọmọ ẹnikẹ́ni sì lè wọ ibẹ̀. Àwọn kan ló jà kí ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tó ṣí.

Ní oṣù kejì ọdún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán wá láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ìlú ta, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn olóṣèlú sọ̀rọ̀. Nínú ọdún náà ni Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Bó ṣe di pé European Reservation ń jẹ́ GRA nìyẹn, tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa sì ń wọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÒGIRI ÀWỌ̀ WÓ, ÒGIRI OWÓ DÌDE

Kí ni a wá ṣe nígbà tí agbára dé ọwọ́ wa? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ rere. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ó sì fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kún un fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ìlà-Oòrùn náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1957, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò jẹ́ kí ó lọ jìnnà. Àwọn baba wọ̀nyí mọ̀ pé ìpín ọmọ kò yẹ kó wà lọ́wọ́ àpò baba rẹ̀ nìkan.

Ṣùgbọ́n ìpín tí Lugard fà sórí ilẹ̀ kò parẹ́. Àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wọ GRA, a sì jókòó síbẹ̀. Èmi náà jókòó síbẹ̀. Àwọn tí kò rí ibi wọ̀ kọ́ ilé sí Diobu títí tí ilé fi gun ara wọn, nígbà tí Diobu kún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi. Àdúgbò etí omi tí a ń pè ní waterfront lé ní 40 ní ìlú yìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2009, ìjọba wó àdúgbò Njemanze. Gẹ́gẹ́ bí Amnesty International ṣe sọ ní ọdún 2010, àwọn tó pàdánù ilé wà láàárín 13,800 sí 19,000. N kò ní sọ pé ibẹ̀ dára láti gbé, mo ti dé ibẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a bá wó ilé ọmọdé, ilé ìwé rẹ̀, aládùúgbò tó ń bá ìyá rẹ̀ wò ó àti nọ́ọ̀sì tó mọ ọjọ́ àjẹsára rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bá ilé náà lọ.

Ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́rìí sí i. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni kò pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n pín in ní ìpele ọrọ̀, ó jẹ́ 53 láàárín àwọn tó lówó jù, ó sì jẹ́ 173 láàárín àwọn tó tálákà jù. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ìwádìí náà tún rí i pé ọmọ 37 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni gíga wọn kò bá ọjọ́ orí wọn mu nítorí àìjẹunre-kánú tó ti pẹ́ lára wọn.

Ní àyíká wa níbí, a tún ní ẹrù tiwa. Ní ọdún 2011, àjọ UNEP ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ Ogoni. Ní Nisisioken Ogale, ní ìjọba ìbílẹ̀ Eleme, wọ́n bá kẹ́míkà benzene nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó sì ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú tí gbogbo wa ń pè ní soot ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí aṣọ tí a sá àti sínú imú àwọn ọmọ. Soot kò mọ GRA yàtọ̀ sí Diobu, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lè ti fèrèsé rẹ̀, ẹni tó ń gbé ilé pákó kò ní fèrèsé tí yóò tì.

BÍ ÀÌDỌ́GBA ṢE Ń WỌ INÚ ARA

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bàbá, báwo ni òfin àti owó ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ?" Ó rọrùn láti rí. Omi tí kò mọ́ ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin lọ́dún, oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ kò ní dúró lára rẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ kò dúró lára rẹ̀ kò ní ga bó ṣe yẹ, ọpọlọ rẹ̀ náà kò sì ní rí ohun tí yóò fi dàgbà, nítorí pé láti inú oyún títí di ọdún méjì ni ọpọlọ ń yára dàgbà jù. Nígbà tó bá dé ilé ìwé, olùkọ́ yóò ní olódo ni. Nígbà tó bá dàgbà, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ni yóò rí ṣe, yóò sì padà lọ gba yàrá sí ibi tí kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Bí òṣì ṣe ń jogún ara rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣépè fún ìdílé náà nìyẹn.

ÀWỌN ỌMỌ WA NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, a sì rò pé wọ́n ti bọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kà fún yín. Ní Amẹ́ríkà, ikú ọmọ ìkókó láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewu kí obìnrin aláwọ̀ dúdú kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ dúdú ló fà á.

Dókítà méjì, Richard David àti James Collins, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1997. Wọ́n wo ìwọ̀n àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ àwọn obìnrin funfun tí a bí ní Amẹ́ríkà wọn gíráàmù 3,446. Ọmọ àwọn obìnrin dúdú tí a bí ní Amẹ́ríkà wọn 3,089. Ọmọ àwọn obìnrin tí a bí ní Áfíríkà ńkọ́? 3,333 ni. Àwọn ọmọbìnrin tiwa tó ti ibí lọ súnmọ́ aláwọ̀ funfun ju aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà ló ń fà á, tiwa ni ì bá kéré jù. Ní ọdún 2002, ìwádìí mìíràn láti ọ̀dọ̀ wọn fi hàn pé ní ìran kejì, nígbà tí ọmọbìnrin tí àwọn àjòjì dúdú bí sí Amẹ́ríkà bá bí tirẹ̀, ìwọ̀n ọmọ náà ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, àwùjọ ló yàtọ̀. Ìgbésí ayé nínú ìlú tí wọ́n ti ń fojú ẹ̀gàn wò ọ́ lójoojúmọ́, ní ọjà, níbi iṣẹ́ àti ní ọsibítù, ń wọ ara ìyá, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí a tó bí i.

Ẹ wo bí èyí ṣe bá ìtàn GRA tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ mu.

Ẹ̀KỌ́ ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

N kò fẹ́ kí a ka ìwé yìí tán kí ojú wa rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ilé wa parí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kò sá fún wọn. Ó ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, ó sì ṣe káàdì kan tí ìyá ń tọ́jú sọ́wọ́, tí a fi ń rí i bóyá ọmọ ń dàgbà tàbí ó ń rù. Àwọn nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ìlú, tó gbọ́ èdè, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń fún ọmọ ní oògùn ibà, wọ́n ń gbógun ti èéyi àti ikọ́ líle. Ikú ọmọdé dín kù púpọ̀. Káàdì náà ló di èyí tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ìyá mi máa ń sọ fún wa bí òun ṣe ń pọn àbúrò mi lọ sí ibi ìwọ̀n ní Iléṣà, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ̀ sí i ṣe máa ń ṣe fáàrí délé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ṣe irú rẹ̀ ní Gbaja, ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn náà ó di mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ó sì mú àjẹsára àti omi iyọ̀ àti ṣúgà dé ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tó gba àkọ́bí mi là ní Diobu, ibẹ̀ ló ti wá. N kò mọ èyí nígbà náà. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo ń kàwé, ni mo tó mọ ẹni tí ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Àwọn òyìnbó ìgbà náà ti kú, àwọn yáàdì 440 náà ti di ilé. Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn kan wá sí ìpàdé láti GRA, àwọn kan wá láti etí omi. Gbogbo wa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà, àmọ́ bí a bá túká, àwọn ọmọ wa kì í pàdé. Nínú ilé àwa kan, ọmọ ọ̀dọ̀ wà tí kò pé ọdún 15. Bí ibà bá mú ọmọ wa, ọsibítù aládàáni ni. Bí ibà bá mú ọmọ ọ̀dọ̀, a ó ní kí ó lọ ra oògùn lọ́dọ̀ alágbàtà oògùn ní ìgun títì. Kí ni orúkọ ohun tí a ń ṣe yẹn? A ń fa 440 yáàdì sínú pálọ̀ wa.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ìkíní, kí ìgbìmọ̀ àwọn ìyá máa yẹ káàdì àjẹsára gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò ní ìpàdé, kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Ìkejì, kí apá kan nínú owó tí a ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ sínú àpò kan tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn, kí ó má baà dúró de òpin oṣù. Ìkẹta, kí a ka ọmọ ọ̀dọ̀ àti ọmọ aládùúgbò mọ́ ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, yálà ó gbọ́ Yorùbá tàbí kò gbọ́. Ìlú onílùú ni a wà, àwọn ọmọ Ikwerre àti ọmọ Ìjọ ni wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Wọn kò sọ pé kí igba ojú náà kọ́kọ́ béèrè àwọ̀ rẹ̀, tàbí àdúgbò tó ti wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ wa sin ọmọ. Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbòòrò, Port Harcourt yóò tù wá lára, ẹ̀mí wa yóò sì ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.